Orúkọ Ló Ṣílẹ̀kùn fún Lampard, Coventry Ló Kọ́ Ọ Níṣẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ kí ariwo sọ ní họ́sítẹ̀lì wa lálẹ́ Sátidé, ẹ kàn dárúkọ Frank Lampard. Àwọn ọmọ Chelsea á fò dìde, àwọn ọmọ Arsenal á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ Manchester United náà á dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ẹ tó mọ̀, háósì máàsítà ti ń bọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé agbábọ́ọ̀lù ńlá ni Lampard, ṣùgbọ́n kóòṣì tí kò mọ nǹkan kan ni. Wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ. Wọ́n á ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kì í mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ní JSS 2 wa, ó ti di ìnagijẹ pàápàá. Tí wọ́n bá fi ẹnìkan sí ipò tí kò tọ́ sí i, bíi kí wọ́n ní kí ọmọ tó ń sùn jù lọ máa lu agogo ìjí, "Lampard" ni wọ́n á máa pè é.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Mo gbà pé orúkọ ló ṣílẹ̀kùn fún un, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kan náà ló fẹ́ bà á jẹ́. Ìgbà tó kúrò níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń pariwo, tó lọ sí Coventry, ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí kóòṣì gidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó wá bá mi jà ní dáínìn.

Romford, ní London, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1978. Inú bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Frank Lampard, gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gba FA Cup méjì pẹ̀lú wọn, ní 1975 àti 1980. Nígbà tí ọmọ máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún West Ham, bàbá ti di igbákejì kóòṣì níbẹ̀. Ta wá ni kóòṣì àgbà? Harry Redknapp ni. Ìyàwó Redknapp àti ìyá Lampard sì rèé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ ò rí i bí? Bàbá lápá ọ̀tún, ọkọ àǹtí lápá òsì.

Nítorí náà láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé orúkọ ló ń jẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1996, West Ham ṣe ìpàdé kan pẹ̀lú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin kan dìde, ó sì sọ ọ́ lójú Lampard fúnra rẹ̀ pé ọmọ yìí ò tíì tó, pé àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ kó lọ sàn jù ú lọ. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, kò tíì pé ogún ọdún, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Redknapp dá ọkùnrin náà lóhùn pé ọmọ yìí máa dé òkè pátápátá. Fídíò rẹ̀ wà, ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí nígbà họ́lídé. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu Redknapp, ojú Lampard ni èmi ń wò. Tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lójú níwájú ọkọ àǹtí mi, mi ò mọ ibi tí mo máa wọlé sí.

Ó sì rí bí Redknapp ṣe sọ. Chelsea rà á ní 2001 ní mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn. Góòlù 211 ló gbá wọlé fún wọn, àárín ló sì ń gbá o, kì í ṣe iwájú! Kò sí ẹlòmíràn nínú ìtàn Chelsea tó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gba Champions League ní 2012, ọjọ́ tí Mikel Obi wa náà wà nínú pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Celestine Babayaro, ọmọ Kaduna níbí, bá a gbá pọ̀ ní Chelsea kó tó kúrò ní 2005. Ó tún gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 164 tẹ̀ léra ní Premier League láìfo ẹyọ kan. Ẹ gbìyànjú láti wá sí fítínẹ́ẹ̀sì àárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀ léra ná, ẹ máa mọ ohun tí mo ń sọ. Kì í ṣe ẹni tó yára jù, kò sì lè fi bọ́ọ̀lù dárà bíi Okocha. Iṣẹ́ ló fi ṣe é.

Ó tún mọ̀wé. Ó kọ́ Látìn nílé ìwé, ó sì yege dáadáa nínú rẹ̀, èdè tí kò sí abúlé kan láyé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì ohùn Yorùbá le jù, ẹ gbọ́ o.

Ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2017. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Derby County ti fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Derby wà ní Championship nígbà náà, ìyẹn líìgì tó tẹ̀ lé Premier League. Kò sì tíì ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kankan rí! Tí èmi bá kọ lẹ́tà sí Derby pé mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà mí, ṣé wọ́n á tiẹ̀ ka lẹ́tà náà tán? Ibi yìí ni mo ti gbà fún àwọn tó ń bá mi jiyàn. Orúkọ ni.

Ẹ wá fi wé Eddie Howe. Ọmọ England ni òun náà. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá fún Bournemouth, orúnkún ló sì dá a dúró kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ọdún 2009 ń wọlé, wọ́n fún un ní Bournemouth kó máa tọ́jú rẹ̀, ọmọ ọdún 31 ni. Líìgì kẹrin ni wọ́n wà, wọ́n sì ti yọ pọ́ìǹtì 17 kúrò lára wọn nítorí wàhálà owó. Ta ló fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn? Howe gbà á, ó yọ wọ́n nínú ewu. Nígbà tó di 2015, òun náà ló gbé wọn wọ Premier League. Ó wá lọ sí Newcastle, òun ló gba League Cup fún wọn ní oṣù Kẹta ọdún 2025, tí wọ́n na Liverpool 2-1. Láti 1955 ni Newcastle ti gba ife ńlá kan nílé kẹ́yìn. Bàbá àgbà àwọn kan kú láìrí i.

Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Howe gbá bọ́ọ̀lù rí? Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Howe ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Tó bá ṣe àṣìṣe, àwọn ará Bournemouth nìkan ló rí i, wọ́n á bínú, wọ́n á lọ sùn. Nígbà tí Lampard ń kọ́ṣẹ́, gbogbo ayé ló jókòó tì í pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́.

Síbẹ̀ kò ṣe burúkú ní Derby. Wọ́n lọ lé Manchester United kúrò nínú League Cup ní Old Trafford. Wọ́n ṣe ipò kẹfà ní líìgì, wọ́n wọ plé-ọ́ọ̀fù. Leeds na wọ́n 1-0 nílé wọn, gbogbo ènìyàn ní ó ti parí. Wọ́n dé ilé Leeds, wọ́n gbá 4-2. Wembley ni Aston Villa ti wá dá wọn dúró, 2-1. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹyọ kan péré ló kù kí wọ́n wọ Premier League.

Ọdún kan péré yẹn ni Chelsea wò tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀ nílé. Oṣù Keje ọdún 2019 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè. Ta ló ń fi ọdún kan kọ́ télọ̀, tí wọ́n á wá gbé aṣọ ìyàwó fún un rán? Àti pé ìgbà tí nǹkan le ni wọ́n pè é. FIFA ti sọ pé Chelsea ò gbọdọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù. Eden Hazard, ẹni tó dára jù nínú wọn, ti lọ sí Real Madrid. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní líìgì, Manchester United lù wọ́n 4-0.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń bú u kì í fẹ́ sọ. Chelsea ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ti ń dàgbà láti kékeré. Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú, ńṣe ni wọ́n ń yá àwọn ọmọ yẹn fún ẹgbẹ́ mìíràn bí ẹni ń yá ọkọ́ àti àdá. Lampard kó wọn wọ pápá: Mason Mount, Reece James, Tammy Abraham, Fikayo Tomori. Mount àti Tomori ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Derby, ó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Tomori díẹ̀, ẹgbẹ́ Yorùbá ṣáà nìyí. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Olúwafikáyọ̀mi Olúwadámilọ́lá. Kánádà ni wọ́n bí i sí, England ló dàgbà sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ bí àwọn òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń tiraka láti pe "Fikayo". Bàbá Tammy Abraham náà, ọmọ Nàìjíríà ni. England ni àwọn méjèèjì yàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun bàbá mi títí dòní, ẹ má dá a sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n lọ sílé Wolves. Tomori ló kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ wọlé, láti ọ̀nà jíjìn báyìí, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn o! Abraham gbá mẹ́ta, Mount gbá ọ̀kan. Márààrún, ọmọ ilé ni gbogbo wọn. (Abraham tún ṣèèṣì gbá ọ̀kan sínú àwọ̀n tiwọn, òun nìkan ló gbá mẹ́rin lọ́jọ́ náà tí ẹ bá fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀.) 5-2 ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Ní ìparí sáà, Chelsea ṣe ipò kẹrin, wọ́n wọ Champions League, wọ́n sì dé àṣekágbá FA Cup kí Arsenal tó nà wọ́n 2-1. Láìlè ra ẹni tuntun nígbà tí sáà ń bẹ̀rẹ̀! Ọmọ ọdún 15 kan nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù yẹn á ti rí i pé ọ̀nà wà. Tí Lampard ò bá ṣe nǹkan mìíràn láyé, ìyẹn tó fún mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ń jò bí òrùlé dáínìn wa nígbà òjò. Góòlù 54 ni wọ́n gbá wọlé wọn ní líìgì lọ́dún yẹn. Ó mọ bí a ṣe ń gbá góòlù, kò tíì mọ bí a ṣe ń dí ọ̀nà. Nígbà tí FIFA gba Chelsea láyè, wọ́n ra Havertz, Werner, Chilwell àti Mendy aṣọ́lé, wọ́n sì mú Thiago Silva. Owó ńlá jáde, sùúrù sì tán. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n wà ní ipò kẹsàn-án, wọ́n ní kó máa lọ. Ohun kan tí mi ò tíì dárí jì í ni pé oṣù yẹn kan náà ni wọ́n yá Tomori wa fún Milan, nítorí pé kò fi í sínú ẹgbẹ́ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Tomori gba líìgì Ítálì ní Milan. Ó tọ́ sí i.

Thomas Tuchel dé, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà Chelsea gba Champions League. Ibí ni àwọn ọmọ Arsenal ti máa ń pariwo jù: "Ẹ rí i, kóòṣì gidi dé!" Mo fara balẹ̀ ka àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá yẹn pẹ̀lú Manchester City. Mendy, James, Thiago Silva, Chilwell, Mount, Havertz, Werner. Méje nínú mọ́kànlá, abẹ́ Lampard ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ àgbà Chelsea. Mount ló fún Havertz ní bọ́ọ̀lù tó fi gbá góòlù kan ṣoṣo ọjọ́ náà. Mi ò ní Tuchel ò ṣe nǹkan. Òun ló dí ẹ̀yìn tó ń jò, oṣù mẹ́rin ló sì fi ṣe é, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gún iyán kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tó kọ ebè pé kò ṣe nǹkan kan.

Everton ló tún pè é ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ tó ń jábọ́ ni. Nínú oṣù Kẹta, wọ́n ń gbá pẹ̀lú Newcastle, rẹfirí ti lé ẹnìkan nínú wọn jáde, àsìkò ti tán, wọ́n ń lo ìṣẹ́jú àfikún. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, Alex Iwobi wa gbá a wọlé. Lampard yọ̀ débi pé ó dá ọwọ́ ara rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn oníròyìn. Nínú oṣù Karùn-ún, Crystal Palace ti ń nà wọ́n 2-0 nílé wọn, wọ́n padà gbá mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ jíjábọ́. Àwọn èrò ya wọ inú pápá. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú yàrá wa, ọmọ Haúsá tí kò lè ka ìwé ìròyìn wa yìí àfi tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún un, sọ pé ìyẹn kò ju oríire lọ. Mo ní ó dáa, oríire nìkan kì í dá ènìyàn lọ́wọ́. Sáà tó tẹ̀ lé e kò lọ dáadáa, Everton lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2023.

Èyí tó kàn ni mo rò pé kò yẹ kó ṣe rárá. Oṣù Kẹrin ọdún 2023, Chelsea tún pè é pé kó wá bá wọn di sáà mú títí yóò fi parí. Ó lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá ni: wọ́n borí ní ọ̀kan, wọ́n gbá ọ̀mì méjì, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́jọ. Ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ di ìnagijẹ ní kíláàsì wa. Ìfẹ́ ló gbé e lọ, mo mọ̀. Ilé ẹni ni ilé ẹni. Ṣùgbọ́n tí iná bá ń jó, tí wọ́n sì ní kí o wọlé láìfún ọ lómi, o lè sọ pé rárá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé díẹ̀, torí kì í ṣe England nìkan. Ní háósì wa, síníọ̀ tó bá gbá góòlù jù ni wọ́n máa ń fi ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ júníọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó ní sùúrù, tàbí bóyá ó lè bá ọmọ JSS 1 sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà má sunkún. Táàmù tó kọjá, bọ̀dá kan láti SS 2 ni wọ́n fi ṣe é. Góòlù rẹ̀ ló mú un débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wa. Òun ló ní kí n máa fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri lẹ́yìn púrẹ́ẹ̀pù, ogún ìgbà lálẹ́. Ẹsẹ̀ òsì mi ti ń gbọ́ràn báyìí. A fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje háósì, kí a tó jẹun alẹ́ wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti yan ẹlòmíràn. Èyí tó dùn mí jù ni pé láti ìgbà yẹn, kò wá sí pápá wò wá mọ́. Tó bá ń kọjá, ọ̀nà ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń gbà.

Lampard náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn kíláàsì fún ọdún kan ààbọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kò níṣẹ́. Àwọn àwáwí tó sábà máa ń gbà á ti tán, kò sí ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ àtijọ́ rẹ̀. Coventry City ló wá kàn án, ẹgbẹ́ tó jáde kúrò ní Premier League ní 2001 tí kò tíì padà títí di ìgbà tó dé ibẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Chelsea ra Lampard. Ipò kẹtàdínlógún ni wọ́n wà ní Championship nígbà tó dé.

Ẹ má rò pé wọ́n fi ijó pàdé rẹ̀. Mark Robins ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọkùnrin tó gbé wọn láti líìgì kẹrin wá sí ìkejì, tí pẹ́náríìtì nìkan dá dúró kó má gbé wọn wọ Premier League ní 2023. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an níbẹ̀. Lampard jókòó sórí àga ẹlòmíràn, níbi tí góòlù 211 rẹ̀ kò ti kan ẹnikẹ́ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, lójú tèmi, tí wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe wo Howe ní Bournemouth: kí lo lè ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Robins kó jọ náà ló lò. Ó mú Matt Grimes láti Swansea kún wọn, ẹni tó ń dúró sí àárín tó ń pín bọ́ọ̀lù bí olórí tábìlì ṣe ń pín oúnjẹ, láìpariwo. Láti ipò kẹtàdínlógún, wọ́n parí sáà ní ipò karùn-ún. Plé-ọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀kan sí i! Sunderland na wọ́n 2-1 nílé wọn. Nílé Sunderland, Coventry padà gbá ọ̀kan, wọ́n bá wọn dọ́gba, wọ́n wọ àfikún àsìkò, ó ku bíńtín kí wọ́n lọ gbá pẹ́náríìtì. Ìṣẹ́jú 120 ti kọjá nígbà tí Dan Ballard fi orí kàn án sínú àwọ̀n fún Sunderland.

Tó bá jẹ́ háósì wa ni, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ti yọ ọ́. Coventry ò yọ ọ́. Sáà tuntun dé, ní oṣù Kẹjọ wọ́n gbá QPR ní 7-1. Bí mo ṣe ń kọ èyí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Coventry ló wà lókè tábìlì Championship. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á dúró síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni. Mi ò sì sọ pé ó ti di Guardiola. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fún un ní àkókò láti kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù tó ń bọ̀ ni a máa dìbò yan kóòṣì ẹgbẹ́ júníọ̀ háósì wa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè fa orúkọ kalẹ̀, JSS náà lè ṣe é. Mo ti bá ọmọ mẹ́fà sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo máa fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ kò tíì mọ̀, àyàfi tó bá ka èyí.